Òjìjí Nínú Àpótí Dígí

Oríṣiríṣi ẹ̀dá alààyè ni ọmọ ènìyàn ń bá gbé nínú ilé. Ajá ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ológbò ń pa eku, adìẹ ń yé ẹyin, ewúrẹ́ ń jẹ èèpo iṣu ní ẹ̀yìnkùlé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní ìwà tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ sìn wọ́n ní àlàáfíà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìwà náà. A kì í bu oúnjẹ ajá fún ewúrẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a kì í so adìẹ mọ́ ẹnu ọ̀nà pé kí ó máa gbó. Bí ọ̀rọ̀ ti rí pẹ̀lú àwọn ẹran orí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí pẹ̀lú àwọn ẹja tí àwọn ènìyàn ń sìn nínú àpótí dígí fún ìgbádùn ojú àti fún ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹja kan wà láàrin àwọn ẹja odò ilẹ̀ wa tí ó jẹ́ pé ẹni tí kò bá fi ojú mọ̀ ọ́n yóò fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Orúkọ rẹ̀ ni òjìjí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan ní Ìláwẹ̀ Èkìtì ṣe àpẹẹrẹ. Ìláwẹ̀ jìnnà sí òkun. Òkè, igbó àti odò kéékèèké ni àwọn ọmọ ibẹ̀ mọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi odò a máa fà, a sì ku ibú kéékèèké sí abẹ́ gbòǹgbò igi àti sí àárín àpáta. Àkókò yìí ni àwọn ọmọ máa ń gbé igbá àti agbọ̀n lọ sí etí odò, tí wọn a gbọ́n omi ibú náà títí wọn yóò fi rí ẹja kó. Ọmọkùnrin yìí bá wọn lọ, ó sì gbé ẹja kéékèèké méje wá sí ilé nínú garawa. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ epìyà. Mẹ́ta yòókù ní irùngbọ̀n, nítorí náà ó pe gbogbo wọn ní àrọ̀. Ó kó àwọn méjèèje sínú àpótí dígí tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fi ta á lọ́rẹ, ó da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì fi àpáàdì ńlá kan sí i kí wọn lè rí ibi forí pamọ́ sí.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, inú ilé dùn. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n bá epìyà kan tí ó ti kú, tí ó léfòó, láìsí ojú ọgbẹ́ kankan ní ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà, epìyà méjì ni a kò rí mọ́ rárá. Ọmọ náà di ẹ̀bi ru ológbò, ó sì gbé pákó lé orí àpótí náà. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, epìyà kẹrin kò sí níbẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé ọ̀kan nínú àwọn tí ó pè ní àrọ̀ kì í jáde ní ọ̀sán; abẹ́ àpáàdì ni ó máa ń wà, ikùn rẹ̀ sì ń yọ síta díẹ̀díẹ̀. Kò ro ibi sí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó ti ọwọ́ bọ omi láti fọ èéhọ̀ tí ó wà ní ara dígí, ó sì ṣí àpáàdì náà. Lójijì ni nǹkan gbọ̀n apá rẹ̀ jìgìjìgì láti ìka títí dé èjìká. Ó ké, ó ṣubú sẹ́yìn, àwo tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì fọ́.

Ìyá rẹ̀ sáré wọlé. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó ní kí a pa ẹja náà ní ojú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà ti dé, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ wo inú dígí náà.

“Òjìjí ni,” ni bàbá àgbà wí.

“Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ sínú ọbẹ̀,” ni ìyá ọmọ náà dáhùn. “Ohun tí ó lè pa ọmọ mi kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé yìí.”

“Ìyàwó wa, o kò jayò pa. Ṣùgbọ́n fi ara balẹ̀ ná. Bí a bá sè é lónìí, ẹja kan ṣoṣo ni a pa. Ọmọ yìí yóò tún lọ sí odò ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, kò sì ní mọ èkejì rẹ̀ bí ó bá rí i. Jẹ́ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.”

Ọ̀rọ̀ àgbà yìí ni ìdí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú àyọkà yìí. Ewu tí a mọ̀ ní àmọ̀dájú ti dín ní agbára. Èyí tí a kò mọ̀ ni ó máa ń bá ènìyàn ní òjijì.

Bí a ti ń dá òjìjí mọ̀

Àwọn àgbà máa ń wí pé gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹja onírùngbọ̀n. Òjìjí kò ní ìpẹ́, àrọ̀ kò ní. Ara àwọn méjèèjì ń yọ̀. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn òkùnkùn àti ẹrẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yóò rí àmì márùn-ún tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èkíní ni ẹ̀yìn. Àrọ̀ ní lẹbẹ gígùn tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn orí rẹ̀ tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìrù. Ẹ̀yìn òjìjí lásán ni. Lẹbẹ kékeré kan ṣoṣo, tí ó rọ̀ tí ó sì kún fún ọ̀rá, ni ó wà ní ìtòsí ìrù rẹ̀. Èyí ni àmì tí ó dájú jù lọ. Láti ara rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti mú orúkọ tí wọ́n fún ẹ̀yà ẹja yìí, Malapterurus, tí a fi ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì mẹ́ta ṣe: rírọ̀, lẹbẹ, àti ìrù.

Èkejì ni irùngbọ̀n. Mẹ́jọ ni ti àrọ̀. Mẹ́fà ni ti òjìjí.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀gún. Lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ àrọ̀ ní ẹ̀gún líle tí ó lè gún ènìyàn ní ọwọ́ kí ẹ̀jẹ̀ sì jáde. Lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ òjìjí rọ̀, kò ní ẹ̀gún rárá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí rò pé ẹja náà kò ní ohun ìjà.

Ẹ̀kẹrin ni ìrísí ara. Orí àrọ̀ fẹ̀, ó pẹlẹbẹ, ó sì le bí egungun. Òjìjí rí roboto, ó wú bí àpò tí a rọ òwú sí; ètè rẹ̀ nípọn, ojú rẹ̀ sì kéré púpọ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni àwọ̀. Ẹ̀yìn òjìjí a máa rí bí eérú tàbí bí ilẹ̀ amọ̀, pẹ̀lú àmì dúdú tó-tò-tó káàkiri, ikùn rẹ̀ a sì funfun. Ní ìtòsí ìrù ni ilà dúdú àti ilà tí ó mọ́ díẹ̀ wà. Ara àwọn ọmọ òjìjí ni ó ti máa ń hàn jù.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ dá ẹja mọ̀ kò gbọdọ̀ gbára lé àmì kan ṣoṣo. Àwọ̀ a máa yí padà bí omi bá dọ̀tí. Irùngbọ̀n lè já. Kí a kó àmì gbogbo jọ, kí a sì fi ojú wò wọ́n. Kí a má ṣe fi ọwọ́ wò wọ́n.

Òjìjí nínú ìtàn ayé

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni òjìjí wà. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ìlú rẹ̀. Ó wà nínú odò Náílì, odò Ọya, odò Kóńgò àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ odò mìíràn. Ẹ̀yà rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ti kà ju 15 lọ. Ó ti lé ní 4,000 ọdún tí àwọn ará Íjíbítì ti ya àwòrán rẹ̀ sí ara ògiri ibojì àwọn ẹni ńlá wọn ní Saqqara. Àwọn Lárúbáwá fún un ní orúkọ tí ó bá orúkọ ààrá tan ní èdè wọn. Ọgbọ́n ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ohun kan náà ni mànàmáná ojú ọ̀run àti èyí tí ó wà nínú ara ẹja yìí.

Ilẹ̀ Nàìjíríà náà ní ìpín nínú ìtàn bí ayé ṣe mọ òjìjí. Láti Calabar ni àwọn míṣọ́nnárì ti fi òjìjí ránṣẹ́ sí ìlú Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland, níbi tí Andrew Murray ti kọ nípa rẹ̀ ní 1855. Ní 1857, dókítà ará Jámánì kan, Theodor Bilharz, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Kairo, tẹ ìwé kan jáde lórí ẹran tí ń pèsè mànàmáná nínú ara òjìjí. Orúkọ dókítà yìí kò ṣàjèjì sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́: òun ni ó rí kòkòrò tí ń fa àrùn títọ ẹ̀jẹ̀ ní 1851, tí a sì fi sọ àrùn náà ní bilharzia. Inú odò ni ènìyàn ti ń kó àrùn yìí. Nítorí náà, òjìjí nìkan kọ́ ni ó yẹ kí ọmọ tí ń wọ odò láti kó ẹja máa ṣọ́ra fún.

Bí agbára rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́

Lábẹ́ awọ òjìjí, láti ẹ̀yìn orí títí dé ìtòsí ìrù, ẹran rírọ̀ kan wà tí ó yí ara rẹ̀ ká bí ẹ̀wù. Ara iṣan ni ẹran yìí ti wá, ṣùgbọ́n kì í fà bí iṣan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti pèsè mànàmáná. Àìmọye sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ni ó wà nínú rẹ̀. Agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo wọn bá jọ ṣiṣẹ́ ní ìṣẹ́jú akàn kan náà, agbára wọn a di ńlá, gẹ́gẹ́ bí òkúta bátìrì púpọ̀ tí a tò tẹ̀lé ara wọn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Sẹ́ẹ̀lì ńlá méjì péré tí ó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀kan fún apá ọ̀tún àti ọ̀kan fún apá òsì, ni ó ń pàṣẹ fún gbogbo wọn.

Òjìjí tí ó ti dàgbà lè mú agbára tí ó tó 350 fólítì jáde. Iná tí ó wà nínú ilé wa ní Nàìjíríà jẹ́ 230 fólítì. Èyí lè ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, yóò sì bi í léèrè pé, èéṣe tí iná ilé fi ń pa ènìyàn, tí òjìjí kì í sábà pa á? Ìdí rẹ̀ ni pé bí ojú ti ń ṣẹ́ ni agbára òjìjí ń wá tí ó sì ń lọ. Kódà ó yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iná ilé kì í dáwọ́ dúró níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ bá wà lára wáyà. Bákan náà, bí òjìjí bá ti ta ènìyàn ní ẹ̀ẹ̀mélòó kan léra léra, a máa rẹ̀ ẹ́, ìtá rẹ̀ a sì máa dín ní agbára títí yóò fi sinmi.

Ẹja inú òkun tí ó ní mànàmáná nínú ara kò nílò fólítì tí ó tó ti òjìjí, nítorí omi iyọ̀ ń gba mànàmáná kọjá ní ìrọ̀rùn. Omi odò kì í gbà á kọjá bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹja odò gbọ́dọ̀ ti agbára rẹ̀ pẹ̀lú ipá kí ó tó dé ara ẹni tí ó fẹ́ ta. Iṣẹ́ méjì ni òjìjí ń fi agbára yìí ṣe. Ó ń fi í dá ẹja kéékèèké dúró ní òru kí ó lè gbé wọn mì, ó sì ń fi í lé ọ̀tá. Ìdí nìyí tí epìyà ọmọ Ìláwẹ̀ yẹn fi kú láìní ọgbẹ́. Ara òjìjí fúnra rẹ̀ ní ààbò. Ní 2021, àwọn onímọ̀ ní Jámánì fi hàn pé mànàmáná tí a ti ibòmíràn rán sínú omi rẹ̀, tí ó ń gbọ̀n àwọn ẹja mìíràn, kò dà á láàmú.

Bí a ti ń bá òjìjí gbé

Bàbá àgbà gbà kí ẹja náà dúró, ṣùgbọ́n ó ní kí ọmọ náà kọ òfin rẹ̀ sínú ìwé kí ó tó di alẹ́. Àwọn òfin náà nìyí, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń sin òjìjí ti gbọ́dọ̀ mọ̀ wọ́n.

Kí òjìjí dá gbé. Kò sí ẹja tí ó lè jẹ́ alábàágbé rẹ̀: èyí tí ó kéré yóò di oúnjẹ, èyí tí ó tóbi yóò di ọ̀tá. Òjìjí méjì pàápàá a máa bá ara wọn jà. Ní ọjọ́ náà gan-an ni ọmọ náà kó àrọ̀ méjì tí ó ṣẹ́kù lọ sínú agbada mìíràn.

Kí ilé rẹ̀ ní ààyè. Òjìjí tí kò ju ìka ọwọ́ lọ lónìí lè gùn ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ nínú àpótí, àwọn mìíràn nínú odò sì máa ń gùn ju mítà kan lọ. Ẹni tí kò bá ní àpótí ńlá kò gbọdọ̀ pinnu láti sìn ín pẹ́.

Kí ilé rẹ̀ ní òkùnkùn. Kí a da iyanrìn kíkúnná sí ìsàlẹ̀, nítorí ara tí kò ní ìpẹ́ tètè máa ń ya bí òkúta bá mú. Kí a dùbúlẹ̀ ìkòkò tàbí ọ̀pá oníhò tí ó lè gba gbogbo ara rẹ̀. Ẹja òru ni. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù, kò ní rí ìsinmi.

Kí omi rẹ̀ mọ́ kí ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìwọ̀n ooru tí ó láàrin 23 àti 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó bá a lára mu, ooru ilẹ̀ Èkìtì sì sábà máa ń tó bẹ́ẹ̀. Omi ẹ̀rọ tí a fi oògùn pa kòkòrò inú rẹ̀ lè pa ẹja náà. Kí a lo omi kànga tí ó mọ́, tàbí kí a kọ́kọ́ mú oògùn náà kúrò nínú omi ẹ̀rọ. A kì í da gbogbo omi nù lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdámẹ́rin rẹ̀ ni kí a máa pààrọ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Kí oúnjẹ rẹ̀ ní ìwọ̀n. Ekòló, edé, àti ẹja tí a gé wẹ́wẹ́ ni ó ń jẹ, ní àṣálẹ́. Ọ̀lẹ ẹja ni. Kì í rìn púpọ̀, ó sì tètè máa ń sanra. Bí ó bá ti dàgbà, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta láàrin ọ̀sẹ̀ ti tó. Kí a yọ àjẹkù kúrò kí omi má baà bàjẹ́.

Kí ọwọ́ má ṣe wọ inú omi rẹ̀. Èyí ni olórí òfin. Bí ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi bá wà nínú àpótí, kí a kọ́kọ́ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná ilé, nítorí omi àti iná ilé jẹ́ ewu tí ó ju ti ẹja lọ. Ọ̀pá igi tàbí ti ọparun gbígbẹ ni kí a fi máa tún inú àpótí ṣe, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí ó nípọn tí kò sì lu. Irin kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí irin ń gba mànàmáná kọjá. Bí a bá fẹ́ kó ẹja náà kúrò, abọ́ oníke ni kí a fi darí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá iṣẹ́ yìí ṣe láìsí ẹni kejì nítòsí.

Kí gbogbo ilé mọ̀. Àlejò kò mọ ohun tí onílé mọ̀. Ọmọ náà kọ ọ́ gàdàgbà sí ara àpótí pé: “ÒJÌJÍ NI Ó WÀ NÍNÚ OMI YÌÍ. MÁ ṢE FI ỌWỌ́ BỌ̀ Ọ́.” Nítorí àwọn ọmọ tí kò tí ì lè ka ìwé, bàbá rẹ̀ kan ìdérí sí àpótí náà, ó sì fi àgádágodo sí i.

Bí òjìjí bá ta ènìyàn, kí onítọ̀hún yọ ọwọ́, kí ó jókòó, kí ó sì fara balẹ̀. Ìnira náà kì í pẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá jẹ́ ọmọ kékeré, tàbí ẹni tí ó ní àrùn ọkàn, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ibi tí ewu òjìjí pọ̀ sí jù ni inú odò fúnra rẹ̀: ẹni tí ó ta lè ṣubú sínú omi, ìṣubú náà sì lè fa ikú ju ìtá náà lọ.

Ẹ̀dá òkun kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ ti òjìjí

Àwọn tí ń sin ẹ̀dá òkun nínú ilé ní òkè òkun náà ní irú ìrírí yìí. Ẹ̀dá kan wà nínú òkun tí ó jọ edé, tí ó máa ń ká apá rẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà. Nígbà tí ó bá ju apá náà, ìyára rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i, agbára rẹ̀ sì lè fọ́ ìkarahun ìgbín òkun. A ti rí èyí tí ó fọ́ dígí àpótí tí a fi í sí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a máa ń dìídì rà á. Nígbà mìíràn, inú ihò òkúta òkun tí a rà láti fi ṣe ilé ẹja lọ́ṣọ̀ọ́ ni ó ti máa ń bá ènìyàn wọlé. Onílé a kàn máa gbọ́ ìró kò, kò, kò ní òru. Ẹja a máa dín, akàn a máa dín, a kò sì ní mọ olè náà. Àwọn kan a pa á nígbà tí wọ́n bá rí i. Àwọn mìíràn a wá àpótí tí ó nípọn fún un, òun nìkan, wọn a sì máa wò ó pẹ̀lú ìyanu.

Ọ̀kan náà ni ẹ̀kọ́ tí àwọn ẹ̀dá méjèèjì yìí ń kọ́ wa. Òjìjí kò burú, edé òkun yẹn kò sì burú. Ohun tí Ẹlẹ́dàá fún wọn láti fi jẹun àti láti fi gba ara wọn là ni wọ́n ń lò. A kò lè kọ́ òjìjí pé kí ó má ta. Ṣùgbọ́n a lè kọ́ ọwọ́ wa pé kí ó má bọ omi rẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Òpin ọ̀rọ̀ ọmọ Ìláwẹ̀

Ọmọ náà sin òjìjí yẹn fún oṣù mẹ́fà. Ó ń kọ ohun tí ó jẹ, bí omi ti rí, àti ìgbà tí ó jáde kúrò lábẹ́ àpáàdì sínú ìwé kan. Kò pẹ́ tí ìyá rẹ̀, tí ó fẹ́ fi í se ọbẹ̀, fi bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ní alẹ́ pé, “Ṣé ẹ ti fún àlejò wa ní oúnjẹ?” Nígbà tí òjò kún odò, tí àpótí sì ti há fún ẹja náà, bàbá àti ọmọ dá a padà sínú odò tí a ti mú un wá, kì í ṣe sínú odò mìíràn, ní ibi tí ó jìnnà sí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń pọn omi.

Ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé, àwọn ọmọ sì tún lọ gbọ́n ibú. Omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tí ọmọdé kan, tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ, rí ẹja onírùngbọ̀n kan tí ó sá sí abẹ́ gbòǹgbò. Inú rẹ̀ dùn. Ó na ọwọ́ méjèèjì. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí wo ẹ̀yìn ẹja náà: kò sí lẹbẹ gígùn níbẹ̀.

“Fi í sílẹ̀! Yọ ọwọ́ rẹ! Òjìjí ni!”

Ọmọdé náà fà sẹ́yìn. Ẹja náà rọra wọ inú ihò rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ sì kó àrọ̀ wọn sínú agbọ̀n, wọ́n gba ọ̀nà ilé.

Ìbéèrè lórí àyọkà yìí

1. Èéṣe tí ọmọkùnrin náà fi ka òjìjí kún àrọ̀?
2. Sọ àmì márùn-ún tí ó ya òjìjí sọ́tọ̀ kúrò lára àrọ̀. Èwo ni ó dájú jù lọ?
3. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin mànàmáná òjìjí àti iná ilé?
4. Èéṣe tí a kò gbọdọ̀ lo irin láti tún inú àpótí òjìjí ṣe?
5. Ìyá ọmọ náà àti bàbá àgbà kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí ẹja náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ta ni o gbè lẹ́yìn? Sọ ìdí rẹ.
6. Kọ àròkọ lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: (a) Ẹ̀dá kan tí mo bá gbé nínú ilé, (b) Ewu tí ó wà nínú odò ìlú mi, (d) Àìmọ̀ léwu ju ohun tí a kò mọ̀ lọ.